“Sọ́rì” Tí Kì Í Ṣe “Má Bínú”

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ níí fọ́. Ohùn kan tí ó fọ́ mọ́ ọmọ ilé-ìwé mi àtijọ́ lẹ́nu ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ wa lónìí, nítorí nígbà tí mo wo ọ̀ràn náà dáadáa, mo rí i pé ọwọ́ tèmi gan-an wà nínú rẹ̀.

Ọmọkùnrin náà ń gbé ní Jàpáànì. Ibi tí wọ́n ti ń tú àwọn ọkọ̀ àlòkù, tí wọ́n ń di ẹ́ńjìnnì àti ilẹ̀kùn wọn ránṣẹ́ sí òkèèrè, ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni àwa níhìn-ín ń pè ní tòkunbọ̀. Kò tí ì pẹ́ púpọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń gbọ́ èdè wọn díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún tí ó kọjá, ìyá ọ̀gá rẹ̀ kú. Gbogbo òṣìṣẹ́ wọ aṣọ dúdú, wọ́n lọ sí àìsùn òkú ní alẹ́, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní “tsuya”. Nígbà tí ó kan ọmọ wa, ó tẹrí ba níwájú ọ̀gá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí i tí àwọn yòókù ń ṣe. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ láti sọ ni ohun tí òyìnbó máa ń sọ níbi ọ̀fọ̀, pé “sọ́rì”. Kí ó tó jáde nílé ni ó ti tẹ “sọ́rì” sínú fóònù rẹ̀, fóònù sì ti fún un ní “gomen nasai”. Ó tẹrí ba, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo ilé gbọ́: “Gomen nasai.”

Ọ̀gá náà gbé ojú sókè, ó wò ó. Kò bínú, ṣùgbọ́n ó jọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé. Ìyàwó ọ̀gá tí ó jókòó tì í náà wò ó. Nígbà tí wọ́n jáde síta, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi í jẹ́jẹ́ pé: “Kí ni o ṣe fún ìyá ọ̀gá tí o fi ń tọrọ ìdáríjì?” Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni í máa ń sọ “gomen nasai”. Bí ọmọdé bá fọ́ àwo ìyá rẹ̀, ohun tí yóò sọ nìyẹn.

Ní òru ọjọ́ náà ni ó pè mí. Ó ní: “Tíṣà, ẹ kú òru sà. Ẹ má bínú pé mo jí yín. Ojú tì mí púpọ̀. Mo fẹ́ bá wọn kẹ́dùn ni, ó wá dà bí ẹni pé èmi ni mo pa ìyá náà.”

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, kíláàsì ọmọ yìí ni wọ́n fún mi láti kọ́ ní èdè òyìnbó. Mo kọ ọ́ sójú pátákó pé: “Sọ́rì: má bínú.” Mo ní kí olúkúlùkù kọ ọ́ ní ìgbà ogún sínú ìwé rẹ̀. Ọmọ yìí na ọwọ́ sókè, ó ní: “Tíṣà, nígbà tí màmá mi yọ̀ ṣubú lọ́jà, gbogbo ará ọjà ló ń sọ pé sọ́rì, sọ́rì. Ṣé gbogbo wọn ni wọ́n tì í ni?” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà mo ní kí ó jókòó, kí ó má fi àkókò wa ṣòfò. Ìbéèrè tí ó dára jù lọ tí ẹnikẹ́ni bi mí ní ọdún náà nìyẹn, mo sì lé e padà bí ẹni lé adìyẹ. Bí mo bá ti dá a lóhùn ní ọjọ́ náà, bóyá kì bá tí sọ ohun tí ó sọ níwájú òkú ìyá ọ̀gá rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ san gbèsè náà lónìí. Láti ọjọ́ tí ó ti pè mí ni èmi àti òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí papọ̀: òun ń bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè, èmi ń wo ìwé. Ẹ jẹ́ kí a tú “sọ́rì” palẹ̀ wò, bí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Òyìnbó tẹ ọ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní “sọ́rì”. Má bínú nìyẹn. Ó gbọ́ pé ìyá rẹ kú, ó tún ní “sọ́rì”. Níhìn-ín, kò ṣẹ̀ ọ́, ó ń bá ọ kẹ́dùn ni. Ó gbọ́ pé ọmọ rẹ kò yege nínú ìdánwò, “sọ́rì” náà ni. Ohun tí àwa ì bá sọ ni “ó mà ṣe o”. Ó rí ọmọ òrukàn lójú títì, ó ní “sọ́rì” ń ṣe òun fún ọmọ náà, àánú nìyẹn. Kò gbọ́ ohun tí o sọ, ó gbé ohùn sókè díẹ̀, ó ní “sọ́rì?”, “ẹ ní kí ni?” nìyẹn. Ó fẹ́ kọjá láàrin èrò, ó ní “sọ́rì”. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi” nìyẹn. Ó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀, owó náà sì tán. Ó ní “sọ́rì” ni òun pé òun tà á. Àbámọ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ méje ni a ti kà yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó sì ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Àwa pẹ̀lú sì ti fún un ní iṣẹ́ kẹjọ. Bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ kọ lọ́nà, a ó ní “pẹ̀lẹ́ o”. Nígbà tí a bá ń sọ èdè òyìnbó, “pẹ̀lẹ́” yìí ni a máa ń wọ ẹ̀wù “sọ́rì” fún. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún òyìnbó tí ó fẹsẹ̀ kọ ní London, ó lè dá yín lóhùn pé kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹ wá rí i pé ọmọ tí ó bi mí léèrè lọ́jọ́ náà mọ ohun tí ó ń wí. Ìyá rẹ̀ ṣubú, ọjà kí i ní pẹ̀lẹ́. Èmi tíṣà ni mo sọ gbogbo ọjà di ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí Jàpáànì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀, àti ipò ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń yan ọ̀rọ̀ wọn. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà níbẹ̀ ní tòótọ́, ọmọdé sí òbí, ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, tàbí tọkọtaya, lè sọ “gomen nasai”. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá já oníbàárà kulẹ̀, tàbí tí ó ṣẹ ọ̀gá rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kéré jù. “Mōshiwake arimasen” ni yóò sọ, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni pé, “N kò ní àwíjàre.”

Lẹ́yìn èyí ni “sumimasen” wà, èyí tí ẹ ó máa gbọ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́ bí ẹ bá dé ìlú wọn. Ó ti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí “kí nǹkan parí” jáde, ó sì ń wí pé “kò tí ì parí”: ọ̀ràn náà kò tí ì tán lọ́kàn mi, gbèsè rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi. Bí o bá tẹ ẹnìkan lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, “sumimasen”. Bí o bá fẹ́ kọjá, “sumimasen”. Bí o bá fẹ́ pe ẹni tí ń gbé oúnjẹ kiri ní ilé oúnjẹ, “sumimasen” náà ni. Bí o bá sì gbàgbé agboòrùn rẹ, tí ẹnìkan sáré gbé e tẹ̀lé ọ, o lè fi “sumimasen” dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ìyẹn má ṣe yà yín lẹ́nu. Ṣé àwa náà kì í sọ fún ẹni tí ó ràn wá lọ́wọ́ pé “ẹ kú wàhálà”? Inú wàhálà tí ẹni náà ṣe ni ọpẹ́ wa wà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kó ọ̀mọ̀wé sí wàhálà rí. Dókítà Takeo Doi, oníṣègùn ọpọlọ ará Jàpáànì, lọ sí Amẹ́ríkà ní 1950. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1971, ó sọ bí ọ̀gá òun níbẹ̀ ṣe ṣe òun lóore kan, tí òun fẹ́ dúpẹ́. “Sumimasen” ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, “sọ́rì” ni ó sì fi èdè òyìnbó sọ. Ó ya ọ̀gá náà lẹ́nu, ó bi í pé kí ni ó ń tọrọ àforíjì sí. Ẹ ò rí i bí? Ọkùnrin yìí ti Jàpáànì bọ̀, ó ṣubú sínú kòtò kan. Ọmọ tèmi ti ìhà kejì wá, ó bọ́ sínú kòtò kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a máa bá a lọ. Bí ọmọ ẹnìkan kò bá yege nínú ìdánwò, ará Jàpáànì yóò ní “zannen deshita ne”: ó mà ṣe o, a ti ń retí rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ pé omíyalé wọ ilé rẹ tàbí pé iṣẹ́ pọ̀ fún ọ jù, yóò ní “taihen deshita ne”: ó nira fún yín o. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, “odaiji ni” ni wọ́n ń sọ fún un: ẹ tọ́jú ara yín dáadáa. Ẹni tí ó ṣubú lójú ọ̀nà, “daijōbu desu ka?” ni wọ́n fi ń sáré bá a: ṣé kò sí nǹkan? Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé ọ, o lè sọ pé “mō ichido onegai shimasu”: ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àánú náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, “kawaisō”. A lè sọ ọ́ nípa ọmọdé, nípa ajá tí ọkọ̀ gbá, tàbí nípa ẹni tí a gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọdé má ṣe sọ ọ́ sójú àgbà, nítorí ó ń fi ẹni tí a sọ ọ́ fún sí ìsàlẹ̀. Ta ni nínú wa ni yóò wo ojú bàbá arúgbó kan, tí yóò ní “o mà ṣe mí láàánú o”?

Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni ti àbámọ̀. “Kōkai” ni wọ́n ń pè é. Àmì méjì ni wọ́n fi ń kọ ọ́: èkíní dúró fún “ẹ̀yìn”, èkejì dúró fún “kíkábàámọ̀”. Àwa ní tiwa ní àbámọ̀ níí gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ wo ìlú méjì tí òkun pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàrin wọn, tí wọ́n jọ fi àbámọ̀ sí ẹ̀yìn!

A wá dé ibi tí ọmọ wa ti kọsẹ̀. Níbi ọ̀fọ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni “goshūshō-sama desu”. Ìbànújẹ́ àti ọgbẹ́ ọkàn ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ìdáríjì níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀. Wọn kì í fi ohùn gíga sọ ọ́. Ẹlòmíràn a máa gbé ìparí rẹ̀ mì, nítorí ẹnu kì í yá níbi òkú. Wọ́n tún ń ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ tí ó bá ń tún ara rẹ̀ pè, bíi “kasanegasane” àti “tabitabi”, kí ikú má baà tún yalé náà. Owó tí wọ́n ń mú lọ, tí wọ́n ń pè ní “kōden”, inú àpòòwé ni wọ́n ń fi í sí, wọn kì í sì í fẹ́ kí ó jẹ́ owó tuntun, kí ó má dà bí ẹni pé o ti ń pèsè sílẹ̀ de ikú náà. Àwa tí a máa ń gbàdúrà níbi òkú pé kí ó jìnnà síra wọn, ǹjẹ́ èyí ṣòro fún wa láti mọ̀? Kò ṣòro rárá. Ọmọ mi ti ní ọ̀rọ̀ náà ní èdè ìyá rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé. “Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù” ni. Bí ó bá ti ibẹ̀ gbéra, tí ó bèèrè pé, “Kí ni ẹ̀yin ń sọ níbi tí àwa ti ń sọ èyí?”, ì bá dé ilé láyọ̀. Ṣùgbọ́n “sọ́rì” ni ó bá lọ. Ẹni tí ó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ kì í gba Èkó.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a bú ìwé atúmọ̀-èdè. Iṣẹ́ takuntakun ni àwọn tí ó kọ wọ́n ṣe. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde ní London ní 1843, kí wọ́n tó fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. James Curtis Hepburn, dókítà àti míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, tẹ ti Jàpáànì jáde ní 1867. Láìsí irú wọn, òkùnkùn ni à bá máa táràrà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà ni ìwé atúmọ̀-èdè. Ó pàtẹ ẹran gbogbo síwájú rẹ. Ìwọ ni o mọ ọbẹ̀ tí o fẹ́ sè. Ẹ̀rọ ìtumọ̀ inú fóònù kò yàtọ̀. Bí o bá fún un ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láìní gbólóhùn, kò mọ̀ bóyá àwo ni ó fọ́ tàbí ìyá ni ó kú. Èyí tí àwọn ènìyàn ń lò jù ni yóò fún ọ. Kọ gbólóhùn náà tán pátá fún un. Sọ ẹni tí ó kú, sọ ẹni tí o fẹ́ kí. Lẹ́yìn náà, bí ó bá ṣeé ṣe, fi han ọmọ ìlú náà kí o tó lò ó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ èdè, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ máa bi ara yín kí ẹ tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ kankan. Èkíní: iṣẹ́ wo ni ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe níhìn-ín? Ṣé ìtọrọ ìdáríjì ni, àbí ìbánikẹ́dùn, àbí ọpẹ́? Èkejì: ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àgbà ni tàbí ọmọdé, ẹni mi ni tàbí àlejò? Ẹ̀kẹta: nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, kí ni ọmọ ilẹ̀ náà máa ń sọ? Ẹ̀kẹta yìí ni baba wọn. Nígbà mìíràn ẹ ó rí i pé kì í sọ nǹkan kan, ó kàn ń tẹrí ba ni. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé títẹrí ba náà jẹ́ ìtumọ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ ibi tí ọ̀ràn ọmọ náà já sí. Ní ọjọ́ kejì àìsùn ni wọ́n ṣe ètò ìsìnkú gan-an. Ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́ ti kọ́ ọ ní gbólóhùn náà ní alẹ́ àná, ó sì ti ń kà á lẹ́nu títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó tún lọ síwájú ọ̀gá rẹ̀, ó tẹrí ba, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé: “Kono tabi wa goshūshō-sama desu.” Ọ̀gá náà tẹrí ba fún un, ó sì pẹ́ kí ó tó gbé orí sókè.

Nígbà tí iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá náà bá a níbi tí ó ti ń tú ẹ́ńjìnnì kan, ó bi í pé kí ni wọ́n ń sọ nílùú tirẹ̀ bí ènìyàn bá kú. Ọmọ náà sọ fún un. Ó fi ìwọ̀nba èdè wọn tí ó gbọ́ ṣàlàyé pé ara ń fẹ́ ara, ara kò rí ara mọ́. Ọ̀gá náà gbìyànjú láti pe “ará-fẹ́ra-kù”, ẹnu rẹ̀ kọ́. Ó tún un pè. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó mi orí, ó sì padà sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé ìgbà tí ọmọ náà ròyìn èyí fún mi, mo kọ “sọ́rì” sójú pátákó fún àwọn tí mo ń kọ́ nísinsìnyí. N kò kọ ìtumọ̀ kankan sí iwájú rẹ̀. Mo ní kí olúkúlùkù sọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ rí, àti ohun tí ìyá rẹ̀ ì bá sọ níbẹ̀. Pátákó náà kún kí agogo tó lù.

Ẹ̀yin náà, ẹ gba iṣẹ́ àṣetiléwá kan lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ni òyìnbó fi ń sọ pé òun wọ ẹ̀wù, òun dé fìlà, ó sì tún wọ bàtà. Ará Jàpáànì ní “kiru” fún ẹ̀wù, “kaburu” fún fìlà, “haku” fún bàtà àti ṣòkòtò. Mélòó ni tiwa? Ẹ má gbàgbé gèlè, ìró àti bàǹtẹ́ o. Ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín bá yín wá a. Bí ọmọ kan bá sì bi yín ní ìbéèrè tí ó pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí ó jókòó.